Ọdún Tí Wọ́n Sọ Mí Di Àfín ní Bẹ́yẹrúnkà

Ọjọ́ Jímọ̀ ni ayé wa dàrú. Mo rántí ọjọ́ náà nítorí pé wọ́n ti wẹ̀ fún mi, wọ́n ti di irun mi, wọ́n sì ti wọ aṣọ tó mọ́ fún mi, torí a ó lọ kí bàbá mi. Ìyá mi ru igbá oúnjẹ, èmi gbé kèrègbè omi kékeré. Láti Bẹ́yẹrúnkà, àdúgbò wa ní Ìbàdàn, dé Gbági kì í ṣe ìrìn kékeré fún ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, ṣùgbọ́n mo fẹ́ràn rẹ̀, nítorí ọjọ́ Jímọ̀ nìkan ni mo máa ń rí bàbá mi.

Òyìnbó ni. Jámánì ni. Èkùrọ́ ló ń rà ní sọ́ọ̀bù kan ní Gbági, ìdí nìyẹn tí gbogbo ìgboro fi ń pè é ní Òyìnbó Èkùrọ́. Ìyá mi, Àṣàbí, wà lára àwọn obìnrin tó ń kó èkùrọ́ lọ tà fún un, títí ọ̀rọ̀ fi di pé ó ń kó èkùrọ́ lọ, kì í sì í tètè padà sílé. Òyìnbó wá tọrọ rẹ̀. Wọ́n ní ó jókòó sórí ẹní níwájú àwọn àgbà ilé wa, eékún rẹ̀ méjèèjì ga ju etí rẹ̀ lọ, òógùn sì bò ó. Wọ́n gba ohun tó mú wá, wọ́n sì ṣàdúrà fún un. Nígbà tí wọ́n bí mi, Ààfáà sọ mí ní Ràbíátù. Ilé wa ni mo ń gbé, torí bàbá mi kò ní ilé kankan nílẹ̀ yìí ju yàrá tó wà lẹ́yìn sọ́ọ̀bù rẹ̀ lọ.

Nígbà tí a dé Gbági lọ́jọ́ náà, wọ́n ti fi pákó kan ilẹ̀kùn sọ́ọ̀bù pa. Ọlọ́pàá méjì dúró níta, bàbá mi sì wà láàárín wọn. Kò dé fìlà. N kò tíì rí i níta láìdé fìlà rí. Mo pariwo, "Bàbá!"

Ó gbọ́. Mo rí i pé ó gbọ́. Ó wò mí, ó wo ìyá mi, ó wá yíjú sí ọ̀nà rélùwéè bí ẹni tí kò mọ̀ wá rí. Wọ́n mú un kọjá níwájú wa.

Ọ̀kan nínú àwọn alágbàrù tó máa ń gbé àpò èkùrọ́ níbẹ̀ sún mọ́ ìyá mi. "Ìyá, ẹ tètè máa lọ sílé. Gẹ̀ẹ́sì àti Jámánì ti ń bá ara wọn jà. Wọ́n ń kó gbogbo Jámánì."

"Wọ́n ń kó wọn lọ síbo?"

"Ta ló mọ̀? Wọ́n ní ìjọba máa gba gbogbo ohun tó bá jẹ́ tiwọn."

Inú bí mi sí bàbá mi fún ọ̀pọ̀ ọdún nítorí ojú tó gbé kúrò lára wa yẹn. Ìgbà tí èmi náà di ìyá ọmọ ni mo tó mọ̀ pé bí ó bá jẹ́wọ́ wa lójú ọlọ́pàá ni, òun ni ìbá kó wa sí wàhálà. N kò tún fojú kàn án mọ́ láyé mi.

Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí gbọ́dọ̀ mọ irú ilé tí ìyá mi gbé ọ̀rọ̀ alágbàrù yẹn wá. Bàbá Àgbà, bàbá tó bí ìyá mi, ni olórí agboolé wa. Jagunjagun ni nígbà tó wà lọ́dọ̀ọ́, kí Gẹ̀ẹ́sì tó dé, kí wọ́n tó ní ogun parí. Òfin ogun ayé tiwọn kò díjú rárá. Bí wọ́n bá mú olórí ilé, wọn a kó ilé rẹ̀: ìyàwó, ọmọ, ewúrẹ́, títí dé ọmọ odó. Bàbá Àgbà ti kó ilé onílé rí. Ìyá Àgbà, ìyá tó bí ìyá mi, wà lára ohun tó kó. Ọmọ Ìjẹ̀ṣà ni. Kò ju ọmọ ọdún mẹ́rìnlá lọ nígbà tí ogun Ìbàdàn wọ ìlú wọn, okùn ni wọ́n sì fi fà á wọ ẹnu ọ̀nà ilé wa ní Bẹ́yẹrúnkà. Nígbà tó yá, Bàbá Àgbà fi í ṣe aya. A kì í sọ ọ̀rọ̀ yìí nílé wa. Kò sì sí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n.

Torí náà, nígbà tí ìyá mi ní ìjọba fẹ́ gba gbogbo ohun tó jẹ́ ti Jámánì, kò sẹ́ni tó bi í pé kí ni ìtumọ̀ rẹ̀. Gbogbo wọn yíjú sí mi.

Bàbá Àgbà ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Wọ́n á wá mú un. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn."

"Kò sẹ́ni tó máa mú un," ni Ìyá Àgbà wí. Ó fà mí wọ yàrá rẹ̀, ó sì dùbúlẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà. Ibẹ̀ ló ń sùn láti ọjọ́ náà.

Ọjọ́ mélòó kan lẹ́yìn rẹ̀, akódà dé. Ìránṣẹ́ ilé ẹjọ́ ni àwọn akódà, ẹsẹ̀ wọn kì í sì í wọlé kí inú onílé dùn. Ọmọ àdúgbò Oníyanrìn ni eléyìí, Búráímọ̀ ni wọ́n ń pè é, ọ̀rọ̀ kì í sì í yá lẹ́nu rẹ̀. Níta ni mo wà, tí mò ń bó ẹ̀gúsí. Kò sáyè fún mi láti sá.

"Ẹ kúulé o. Wọ́n ní kí n wá wo ohun ìní tí Òyìnbó Èkùrọ́ fi sọ́dọ̀ yín."

"Kò fi nǹkan kan síbí!" Gbogbo ilé ló dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà.

Ó wá rí mi. "Ọmọ pupa wo nìyí?"

Ìyá Sàláwù, ìyàwó ẹ̀gbọ́n ìyá mi, ló gba ọ̀rọ̀ náà. Irọ́ kì í wọ́n lẹ́nu obìnrin yẹn, kí Ọlọ́run forí jì í, irọ́ rẹ̀ ọjọ́ náà sì wúlò. Ó ní, "Àfín ni o, bàbá. Bí Ọlọ́run ṣe fẹ́ dá a nìyẹn."

Akódà rọra tẹ orí ba. Ẹ mọ̀ pé àwọn ará wa kì í fi àfín ṣeré. "Ọlọ́run ló ni ín. Kì í jẹyọ̀ nìyẹn?"

"Iyọ̀ kẹ̀? Kò tọ́ ọ wò rí."

Mo ti fi ẹja oníyọ̀ jẹ ẹ̀kọ láàárọ̀ ọjọ́ náà gan-an. Òun ni iyọ̀ tí mo jẹ kẹ́yìn fún ọ̀pọ̀ oṣù.

Báyìí ni wọ́n ṣe sọ mí di àfín. Wọ́n fá irun mi kanlẹ̀, torí irun mi rọ̀ ju ti àfín lọ. Wọ́n kọ́ mi kí n máa dijú sí oòrùn, kí n máa fọwọ́ bojú bí mo bá ń rìn. Wọ́n ń se ọbẹ̀ tèmi sínú ìṣaasùn ọ̀tọ̀, láìfi hóró iyọ̀ kan sí i, torí ilé tí ọmọdé pọ̀ sí kò láṣìírí, akódà sì lè wọlé nígbàkigbà. Ẹni tí kò bá tíì jẹ ọbẹ̀ tẹ́ fún ọ̀pọ̀ oṣù kò lè mọ ohun tí mò ń sọ. N kì í gbádùn oúnjẹ mọ́, mò ń rù. Mo máa ń lá òógùn apá mi níkọ̀kọ̀. Ṣùgbọ́n ohun kan wà níbẹ̀ tó ń pa mí lẹ́rìn-ín nísinsìnyí: àwọn ọmọ ilé wa tó máa ń pè mí ní Òyìnbó kò dán an wò mọ́. Àkókò ogun nìkan ni mo bọ́ lọ́wọ́ orúkọ yẹn.

Kì í ṣe èmi nìkan ni ogun náà dé bá. Ọkọ̀ ojú omi kò wá dáadáa mọ́, iyọ̀ wọ́n, aṣọ wọ́n, èkùrọ́ kò rí ẹni rà á. Wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ sí í kó àwọn ọkùnrin jọ lórí òkè Mápó láti lọ ru ẹrù fún àwọn sójà ní Kàmẹ́rúùnù. Òkè lásán ni Mápó nígbà náà, a sì ń gbọ́ fèrè àwọn sójà láti ilé wa. Fèrè á dún, àwọn obìnrin á figbe ta ní Ọjà'ba, a ó sì mọ̀ pé wọ́n ti ń kó àwọn mìíràn lọ sí rélùwéè. Bàbá Sàláwù, ẹ̀gbọ́n ìyá mi, wà lára wọn. Béré ni wọ́n ti mú un, níbi tó ti lọ ra okùn. Ìyá Sàláwù tó máa ń sọ̀rọ̀ bí òjò kò sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta.

Akódà kò yéé wá. Ó lè tó oṣù kan kó tó yọjú, ó sì lè wá lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ kan. Ọ̀rọ̀ kan náà ló ń sọ: ohun ìní Jámánì. Ìdáhùn kan náà ló ń gbà. Bí ìbẹ̀rẹ̀ òjò ọdún kejì, ó dé nígbà tí àwọn àgbà wà nínú ilé, tí èmi nìkan wà ní ìloro. Ó jókòó, ó tú ewé kan. Àkàrà gbígbóná ló wà nínú rẹ̀. Ó jẹ ọ̀kan, ó na ọ̀kan sí mi.

Mo mọ̀ pé ó yẹ kí n kọ̀ ọ́. Mo gbà á, mo jẹ ẹ́, mo lá ìka mi, mo tún lá ewé. Iyọ̀ náà wọ̀ mí lára débi pé omi bọ́ lójú mi. Nígbà tí mo gbójú sókè, akódà ń wò mí. Ó dìde, ó lọ.

Mo lọ jẹ́wọ́ fún Ìyá Àgbà. Kò nà mí, kò bú mi. Ilẹ̀ kò tíì mọ́ dáadáa lọ́jọ́ kejì tí òun, ìyá mi àti èmi fi gba ọ̀nà oko. Abà wa tó ìrìn ọjọ́ kan gbáko. Nígbà tí oòrùn yọ, a gbọ́ ariwo ẹsẹ̀ níwájú. Àwọn tó ń ru ẹrù ogun ló ń bọ̀, wọ́n gùn lọ títí, sójà wà níwájú wọn àti lẹ́yìn. A sá wọ igbó. Ọ̀kan nínú wọn ju ẹrù sílẹ̀, ó sá. Ìbọn dún, ó tún dún. Ìyá Àgbà gbé ara lé mi mọ́lẹ̀. Àyà rẹ̀ ń lù mí lẹ́yìn, ó sì ń sọ èdè Ìjẹ̀ṣà sí mi létí. Kì í sọ ọ́ nílé wa rí. N kò gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé kì í ṣe èmi ló ń bá sọ̀rọ̀. Títí di òní, n kò mọ̀ bóyá wọ́n bá ọkùnrin yẹn. Mo máa ń gbàdúrà pé kí wọ́n má bá a.

Ebi wà lábà. Àkókò ìgbìn ni, iṣu ọdún tó kọjá ti tán, ti tuntun sì wà nínú ilẹ̀. A ń jẹ olú, a ń jẹ ìgbín, a ń fọ́ èkùrọ́ jẹ. Nígbà tí kò sí nǹkan mọ́, Ìyá Àgbà lọ sínú oko, ó hú èbù iṣu tí wọ́n ti gbìn, ó sè é fún mi. Àgbẹ̀ kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ìyá mi kígbe pé, "Ìyá, ìkórè ọdún tó ń bọ̀ nìyẹn!" Ìyá Àgbà ní, "Bí ọmọ ò bá sí, ta ló máa jẹ ẹ́?"

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, Bàbá Àgbà fúnra rẹ̀ wá sí abà, ó fa àgbò kan lọ́wọ́. Àgbò funfun ńlá ni. Ó ní ajẹ́lẹ̀, òyìnbó tó ń ṣàkóso ìlú, ti ránṣẹ́ pe òun sí Agodi, akódà ló mú iṣẹ́ náà wá.

"Mi ò lè máa sá fún wọn lórí ilẹ̀ mi. Mo máa rà á padà. Bí a ṣe ń ṣe é láyé àtijọ́ nìyẹn: tí wọ́n bá mú èèyàn rẹ, o lè fi àgbò bẹ̀bẹ̀, kí wọ́n fún ọ."

Ìyá Àgbà wo àgbò náà pẹ́. "Ẹ rò pé wọ́n á gbà á?"

"Wọ́n á gbà á. Àgbò tó dáa ni."

Ìyá Àgbà lọ di ẹrù wa, gbogbo wa sì padà sílé.

Báyìí ni èmi àti Bàbá Àgbà ṣe gun òkè Agodi, èmi lápá ọ̀tún, àgbò lápá òsì. N kò mọ èwo nínú àwa méjèèjì tí ẹ̀rù ń bà jù. Òyìnbó náà kéré lọ́jọ́ orí, ó jókòó ti tábìlì tí ìwé kún orí rẹ̀. Ògbufọ̀ rẹ̀ dúró ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, akódà dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"Bàbá, òyìnbó ní kí ni àgbò wà fún?"

"Fún ìràpadà ni."

"Ìràpadà kí ni?"

"Ọmọ yìí."

Ògbufọ̀ yíjú sí mi, ó tún yíjú sí àgbò. Ó sọ èdè Gẹ̀ẹ́sì púpọ̀. Òyìnbó gbé kálàmù rẹ̀ sílẹ̀.

"Ó ní ta ló fẹ́ mú ọmọ?"

"Ẹ̀yin ni."

"Bàbá," ni ògbufọ̀ wí, ohùn rẹ̀ sì yí padà, "kò sẹ́ni tó ń wá ọmọ. Òṣùwọ̀n ni wọ́n ń wá. Òṣùwọ̀n onírin tí Jámánì gbé fún ọmọ yín obìnrin láti máa fi wọn èkùrọ́. Ó wà nínú ìwé sọ́ọ̀bù, wọn ò sì rí i."

Òṣùwọ̀n! Ó wà nílé wa ní ìgbà gbogbo. Ẹ̀gbẹ́ ìloro ló wà, adìyẹ ìyá mi ti yé ẹyin sínú àwo rẹ̀. Akódà fúnra rẹ̀ ti gbé fìlà lé e lórí rí.

Bàbá Àgbà yíjú sí i. "Búráímọ̀, kí ló dé tí o ò sọ?"

"Bàbá, ohun ìní Jámánì ni wọ́n ní kí n bèèrè. Wọn ò sọ èwo. Kí n tó lanu ni ẹ ti máa ń ní kò sí nǹkan kan. Èmi náà wá rò pé ọmọ yìí ni. Mo sì ti mọ̀ láti ọjọ́ àkàrà pé kì í ṣe àfín." Ó wolẹ̀. "Ṣé ẹ gbọ́ pé mo sọ fún ẹnì kan?"

Òyìnbó tún sọ̀rọ̀. Ògbufọ̀ ní, "Ó ní kí ẹ gbé òṣùwọ̀n wá, kí ẹ mú àgbò yín lọ. Ṣùgbọ́n ó fẹ́ kọ ọ́ sílẹ̀: ọmọ ta ni?"

"Tèmi ni."

Ògbufọ̀ rẹ ohùn sílẹ̀. "Bàbá, ojú ọmọ yìí..."

"Mo ní tèmi ni. Kọ ọ́ bẹ́ẹ̀."

Wọ́n kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin ọmọ mi máa ń bi mí pé Jámánì ni mí ni, àbí Ìjẹ̀ṣà, àbí Ìbàdàn. Ẹ má dà mí láàmú. Ẹ̀jẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà lára mi, n kò sì tíì gbọ́ kí wọ́n bá ara wọn jà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ mọ ọmọ ẹni tí mo jẹ́, òyìnbó ti kọ ọ́ sílẹ̀. Ara tù mí lọ́jọ́ náà débi pé n kò lè rìn mọ́. Bàbá Àgbà gbé mi pọ̀n sọ̀kalẹ̀ láti òkè Agodi, arúgbó tó ti ogun méje bọ̀, àgbò sì ń tẹ̀lé wa.

Ilé gbà wá tìlù tìfọn. Ìyá mi bu iyọ̀ sí mi lọ́wọ́ kí n máa lá a. Ìyá Sàláwù ń jó, ó ń pariwo pé, "Ìbàdàn kì í gbe onílé bí àjèjì!" bí ẹni pé òun ló bí mi. Ìyá Àgbà rí àgbò.

"Wọn ò gbà á?"

Bàbá Àgbà ń rẹ́rìn-ín. "Wọn ò tilẹ̀ fẹ́ ọmọ! Òṣùwọ̀n ni wọ́n ń wá."

Ìyá Àgbà kò rẹ́rìn-ín. Ó rọra sọ ọ́ ni, ṣùgbọ́n gbogbo ilé ló gbọ́. "Bàbá mi náà mú àgbò wá. Ó fẹsẹ̀ rìn láti ilé wa dé ẹnu ọ̀nà yìí. Ẹ̀yin lẹ ò gbà á."

Ijó dúró. Bàbá Àgbà wọ yàrá rẹ̀ lọ, kò sì jẹun lálẹ́ ọjọ́ náà. Wọn ò pa àgbò náà. Wọ́n so ó mọ́lẹ̀, wọ́n ń fi èèpo iṣu bọ́ ọ.

Nígbà tí ogun parí, fèrè kò dún mọ́ ní Mápó. Fún ìgbà pípẹ́, ìdákẹ́jẹ́ yẹn gan-an ló ń dẹ́rù bà mí. Bàbá Sàláwù padà dé, ó gbẹ bí igi, etí rẹ̀ kan ti di, ṣùgbọ́n ó dé. Ẹlòmíràn gba sọ́ọ̀bù ní Gbági. Kò sí ìròyìn bàbá mi.

Ọjọ́ kan ni Bàbá Àgbà tú okùn àgbò, ó mú un wá bá Ìyá Àgbà níbi tó ti ń gbá ilẹ̀. Ó fi okùn náà lé e lọ́wọ́. "Ọ̀nà ti là. Fà á lọ fún àwọn èèyàn rẹ. Bí o bá dúró síbẹ̀, mi ò ní ránṣẹ́ wá ọ."

Ìyá Àgbà bá àwọn oníṣòwò lọ. Oṣù kan kọjá, ìkejì kọjá. Ìyá mi ń sunkún, èmi náà ń sunkún. Bàbá Àgbà gbé ẹní rẹ̀ wá sí ẹnu ọ̀nà, ibẹ̀ ló ń jókòó sí láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́, kò sì sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ bi í pé ta ló ń retí.

Ní oṣù kẹta, mo rí Ìyá Àgbà tó ń bọ̀ lọ́ọ̀ọ́kán, ó ru apẹ̀rẹ̀ obì, ọkùnrin kan tí ojú rẹ̀ jọ tirẹ̀ gẹ́lẹ́ sì ń tẹ̀lé e. Bàbá Àgbà dìde dúró. N kò rí i kó dìde fún obìnrin rí.

"Ṣé wọ́n lé ọ ni?"

"Wọn ò lé mi. Wọ́n fún mi ní yàrá."

"Kí lo wá padà wá ṣe?"

Ìyá Àgbà sọ ẹrù rẹ̀ kalẹ̀. Ó wo ẹnu ọ̀nà ilé wa láti òkè dé ilẹ̀.

"Mo fẹ́ mọ bó ṣe ń rí," ló wí, "kéèyàn fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ wọ ilé yìí."

Ó wọlé. Mo gbé apẹ̀rẹ̀ obì, mo tẹ̀lé e.